Àwọn Òṣìṣẹ́ Tí Orúkọ Wọn Kò Sí Nínú Ìwé



Nígbà tí àwa olùyẹ̀wò bá jókòó ti ìwé ẹgbẹ́, ohun tí à ń wò ni owó tí ó wọlé àti owó tí ó jáde. A ó wo owó ìpín, a ó wo owó ìfipamọ́, a ó wo ẹ̀yáwó àti èlé orí rẹ̀. Àgbẹ̀ náà ní ìṣirò tirẹ̀: owó àwọn tí ó kọ ebè, owó àwọn tí ó ro oko, owó ajílẹ̀, owó oògùn, owó ọkọ̀. Gbogbo èyí ni ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ kan wà lóko tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan. Wọn kì í gba owó, wọn kì í bèèrè oúnjẹ, wọn kò sì mọ ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Àwọn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ìwé ìròyìn wa yìí.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ẹgbẹ́ ni pé ẹ̀yáwó fún oògùn apakòkòrò àti oògùn apakoríko ń pọ̀ sí i nínú ìwé ìbéèrè tí à ń yẹ̀ wò. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra oògùn mọ́. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tí ó bá yá owó láti fi pa òṣìṣẹ́ ara rẹ̀, gbèsè méjì ni ó jẹ: ó jẹ ẹgbẹ́, ó sì jẹ oko. Gbèsè ti ẹgbẹ́ ní ọjọ́ tí yóò tán. Gbèsè ti oko kò ní ọjọ́.

KÒKÒRÒ ORÍ Ọ̀PẸ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀pẹ, nítorí pé ibi tí a bá ti dárúkọ Ìlá ni a ti ń dárúkọ ẹmu. Ọ̀pẹ a máa yọ òdòdó akọ, a sì máa yọ òdòdó abo. Igi kan náà ni ó ń yọ méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í sábà yọ wọ́n pa pọ̀. Òdòdó abo ni ó ń di ìdì ẹyìn. Kò sì lè di ẹyìn bí ìyẹ̀fun ara òdòdó akọ, tí ó dà bí àtíkè, kò bá dé ara rẹ̀. Ta ni ń gbé ìyẹ̀fun yìí láti orí igi kan dé orí igi kejì? Fún ọdún pípẹ́, ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà gbọ́ ni pé afẹ́fẹ́ ni.

Àwọn onóko ilẹ̀ Malaysia ni ó náwó kí òtítọ́ tó hàn. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa níbí ni ọ̀pẹ ti ṣẹ̀. Ní 1848, a gbin ọ̀pẹ mẹ́rin sí ọgbà ìjọba ní Bogor, ní erékùṣù Java. Irúgbìn tàn kálẹ̀ láti ibẹ̀, nígbà tí ó sì di 1917, a ti bẹ̀rẹ̀ oko ọ̀pẹ ńlá ní Malaysia. Igi ń dàgbà, imọ̀ rẹ̀ ń tutù, ṣùgbọ́n ìdì ẹyìn kì í kún bí ó ti yẹ. Àwọn onóko wá ń gba òṣìṣẹ́ tí yóò máa lọ láti ìdí igi kan dé ìdí igi kejì, tí yóò máa fi ọwọ́ da ìyẹ̀fun òdòdó akọ sára òdòdó abo. Iṣẹ́ náà kò lópin, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Leslie Davidson, tí ó ti bá ilé-iṣẹ́ Unilever ṣiṣẹ́ ní Malaysia àti ní Cameroon, ni ó kíyè sí i pé kòkòrò a máa rọ́ bo òdòdó ọ̀pẹ ní Cameroon, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò sí ní Malaysia. A rán Rahman Syed, ọmọ ilẹ̀ Pakistan tí ó mọ̀ nípa kòkòrò, lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà ní Cameroon. Ó rí i pé iṣẹ́ tí a rò pé afẹ́fẹ́ ń ṣe, kòkòrò ni ó ń ṣe é. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ní imú gígùn bíi ti kòkòrò inú àgbàdo, kò sì tó hóró ìrẹsì kan. Nígbà tí wọ́n ti wò ó dájú pé kò ní ba ohun ọ̀gbìn mìíràn jẹ́, wọ́n kó o lọ sí Malaysia, wọ́n sì tú u sílẹ̀ sínú oko ní 1981. Láàárín ọdún díẹ̀, ìdì ẹyìn kún, iṣẹ́ fífi ọwọ́ da ìyẹ̀fun sì dópin.

Bí kòkòrò náà ṣe ń ṣe é nìyí. Òdòdó akọ a máa tú òórùn dídùn jáde. Òórùn yìí ni ó ń pe kòkòrò wá. Ó wá jẹun, ó yé ẹyin síbẹ̀, ara òdòdó akọ tí ó ti ń rọ ni ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ dàgbà. Nígbà tí òdòdó abo bá là, òun náà a máa tú irú òórùn kan náà jáde. Kòkòrò á fò lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun lára rẹ̀, kò ní rí oúnjẹ, á sì yára kúrò. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ti kù síbẹ̀. Ẹ̀tàn ni, àwa ni a sì ń jẹ èrè rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ti Malaysia wá gbà ní Áfíríkà, orí ọ̀pẹ wa ni ó wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ̀yin adẹ́mu wa, ẹ kíyè sí èyí. Òdòdó akọ tí a bá gé láti fi dá ẹmu kò ní tanná mọ́, kòkòrò kò sì ní rí ibi yé ẹyin sí. Ẹ má ṣe dá ẹmu lára gbogbo ọ̀pẹ tí ó wà nínú oko kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tanná. Ẹmu kò ní tán ní Ìlá nítorí rẹ̀, ẹyìn yóò sì wà.

ÈYÍ TÍ Ó WÀ LÁBẸ́ IGI KÒKÓ

Ọ̀rọ̀ kòkó jọ èyí, ṣùgbọ́n ibí ni a ti ń fi ọwọ́ ara wa pa ara wa lára. Òdòdó kòkó kéré, ara igi àti ẹ̀ka ni ó ń so mọ́. Ìdájí ni ó ń là. Bí ìyẹ̀fun láti ara òdòdó mìíràn kò bá dé ara rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan sí méjì, yóò já bọ́. Igi kan lè yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òdòdó lọ́dún, ṣùgbọ́n nínú 100, kì í sábà ju 5 lọ tí yóò di èso.

Ìyẹ̀fun òdòdó kòkó lẹ̀, ó sì fara pamọ́ sínú òdòdó, nítorí náà afẹ́fẹ́ kò lè gbé e dáadáa. Oyin tóbi jù fún un. Àwọn tí iṣẹ́ náà bá ara wọn mu jù ni àwọn eṣinṣin wẹ́wẹ́ kan tí gígùn wọn kò ju mìlímítà 3 lọ. Ojú lè rò pé kantíkantí tí ń yí kèrègbè ẹmu ká ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìdílé wọn yàtọ̀.

Níbo ni àwọn eṣinṣin yìí ń gbé ọmọ wọn sí? Inú ohun tí ó ń jẹrà ní ibi tútù ni: abẹ́ ewé kòkó tí ó bọ́ sílẹ̀, inú èèpo kòkó tí ó ń rà, inú igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gé tí ó sì ti ń di rírọ̀. Nígbà náà, àgbẹ̀ tí ó gbá abẹ́ kòkó rẹ̀ mọ́ bí ẹni gbá àgbàlá, tí ó sun gbogbo ewé, tí ó kó gbogbo èèpo kúrò, ó ti tú ilé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ká. Àwọn aládùúgbò lè yìn ín pé oko rẹ̀ mọ́. Òdòdó kòkó kò ní yìn ín.

A mọ̀ pé àwọn ìyá wa ń lo eérú èèpo kòkó láti ṣe ọṣẹ dúdú, èrè ni ó sì jẹ́ fún ilé. A kò ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ẹ pín in: kí apá kan di eérú, kí apá kejì padà sábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Èso tí àrùn ti sọ di dúdú kò gbọ́dọ̀ kù sínú oko, nítorí pé yóò kó ran àwọn yòókù. Ẹ já a, kí ẹ kó o jìnnà, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Èèpo tí ó mọ́ ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ti oògùn, àwọn àgbà inú wa kò tíì gbàgbé Gammalin 20. Ó pa kòkòrò tí ń fa omi ara kòkó mu, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́, ó sì tún ń pẹ́ nínú ilẹ̀ àti nínú ara ènìyàn. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi lindane, tí í ṣe agbára inú Gammalin, kún àwọn májèlé tí wọ́n fẹnu kò láti mú kúrò lóko. Oògùn mìíràn ti wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá bákan náà. Ẹni tí ó bá fín oògùn sí kòkó ní òwúrọ̀ tí òdòdó là, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí èso bá kéré.

KÉKERÉ TÍ Ó Ń BÀJẸ́ ÀTI KÉKERÉ TÍ Ó Ń TÚN ṢE

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ṣé gbogbo kòkòrò wá dára nìyẹn?" Rárá o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ yóò fi hàn wá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò kékeré kan tí ara rẹ̀ funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i lára dé ilẹ̀ Congo láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu. Nígbà tí àwọn ọdún náà fi máa parí, ó ti dé Nàìjíríà. Ibi tí ó bá bà lé, ewé á ká kò, orí igi á wú jọ, iṣu ẹ̀gẹ́ kò ní tóbi, igi tí à bá sì fi gbin ti ọdún tí ń bọ̀ á bàjẹ́. Abo nìkan ni kòkòrò náà, kò nílò akọ kí ó tó bímọ, nítorí náà bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, ó tó láti tún kún oko.

Ta ni ó lè fín oògùn sí gbogbo oko ẹ̀gẹ́ tí ó wà ní Áfíríkà? Àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní kòkòrò yìí kì í bo ilẹ̀ níbi tí a bí i sí, ó ní láti jẹ́ pé ohun kan ń dá a dúró níbẹ̀. Ní 1981, a rí kòkòrò náà ní Paraguay, a sì rí ọ̀tá rẹ̀ pẹ̀lú: agbọ́n kékeré kan tí gígùn rẹ̀ kò ju bíi mìlímítà 2 lọ. Agbọ́n yìí kì í ta ènìyàn. Ara kòkòrò funfun náà ni ó ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ kòkòrò náà láti inú wá. A kọ́kọ́ gbé e lọ sí London fún àyẹ̀wò, lẹ́yìn náà ni a gbé e wá sí Ìbàdàn. Ní 1981 yẹn kan náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí tú u sílẹ̀ ní apá ibí yìí, ó sì tàn dé orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 20. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó darí iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ṣe gàrí àti fùfú, ẹ wò ó. Ohun kékeré kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìṣasùn lọ́wọ́ wa, ohun tí ó kéré bíi tirẹ̀ ni ó sì gbà á padà. Kò sí àgbẹ̀ kan tí ó san kọ́bọ̀ fún un. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kíkéré ohun kan kò sọ ohun tí ó lè ṣe fún wa. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kí a tó pa kòkòrò kan, kí a kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀.

ÀWỌN TÍ OJÚ KÒ LÈ RÍ

Àwọn mìíràn tún kéré ju èyí lọ, ojú lásán kò lè rí wọn. Ẹmu tí a bá sọ̀ kalẹ̀ ní ìdájí dùn nítorí ṣúgà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà ti wà nínú kèrègbè, pàápàá nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná. Ó ń jẹ ṣúgà náà, ó ń sọ ọ́ di ọtí, ìyẹn ni ó fi ń hó. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, àwọn mìíràn á ti sọ ọtí náà di kíkan. Ìdílé àwọn òṣìṣẹ́ àìfojúrí yìí náà ni ó ń ṣe ògì, fùfú àti irú fún wa.

Bákan náà ni kòkó. Hóró kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là kò ní adùn ṣokoléètì rárá. Nígbà tí a bá kó o jọ, tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ 5 sí 7, tí a sì ń yí i, ìwúkàrà á jẹ ohun dídùn funfun tí ó bo hóró, á sọ ọ́ di ọtí. Àwọn mìíràn á sọ ọtí náà di kíkan, inú òkìtì á sì gbóná dé 45 tàbí 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru yẹn ni ó ń pa hóró, tí ó ń dín ìkorò rẹ̀ kù, tí ó sì ń fi ìpìlẹ̀ adùn sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá tú òkìtì ní ọjọ́ kejì nítorí owó kíákíá ti lé àwọn òṣìṣẹ́ kúrò kí wọ́n tó parí iṣẹ́. Ẹni tí ń wo ojúlówó kòkó yóò là á, yóò sì rí i pé àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú.

Ó yẹ kí àwa alájẹṣẹ́kù mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìjọba fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ń kó àwọn àgbẹ̀ jọ ní agbègbè Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ohun tí a fi kó wọn jọ ni pé kí wọ́n bo kòkó wọn dáadáa, kí wọ́n sì tà á pọ̀. Láti inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilẹ̀ wa ti dìde, òfin rẹ̀ sì jáde ní 1935. Bí a bá wú ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ wa wò, a ó bá àwọn òṣìṣẹ́ àìfojúrí níbẹ̀.

KÍ NI KÍ ẸGBẸ́ ṢE?

Èkíní: kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó fún oògùn apakòkòrò, kí ó béèrè nǹkan mẹ́ta. Kòkòrò wo ni a fẹ́ pa? Ta ni ó rí i lóko? Kí ni òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sọ? Ibi tí kò bá ti sí ìdáhùn, kí owó dúró.

Èkejì: bí oògùn bá di dandan, kí a fín in sí ibi tí àrùn tàbí kòkòrò gbé wà nìkan, kì í ṣe gbogbo oko. Kí a má ṣe fín in ní òwúrọ̀ ìgbà tí kòkó bá ń tanná. Agolo tí oògùn ti tán nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ di ohun ìbomi, ohun ìrọpo tàbí ohun ìgbẹ́mu.

Ẹ̀kẹta: kí ewé àti èèpo kòkó tí kò ní àrùn wà lábẹ́ igi. Nígbà tí a bá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí a gé igi rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí a fi sábẹ́ kòkó. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹrin: kí a fi igbó díẹ̀ sílẹ̀ ní etí oko àti ní etí odò, kí a má ṣe fi iná sun ibẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tí a kà sí pàtàkì jù: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan oko kòkó kan. Kí a fi okùn pín in sí méjì. Kí a tọ́jú apá kan bí a ti sọ yìí, kí a tọ́jú apá kejì bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kí akọ̀wé ka èso tí ó wà lórí igi 10 ní apá kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti owó tí a ná, fún ọdún méjì gbáko. A kò ní kí ẹ gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ nítorí pé olùyẹ̀wò ni a. Ẹ jẹ́ kí ìwé yín sọ ọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Owó ìfipamọ́ tí à ń dá lóṣooṣù kò jọ nǹkan lójú ẹni tí kò mọ ẹgbẹ́, òun náà ni ó kọ́ ilé, tí ó sì rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ oko tí a dárúkọ wọ̀nyí ń dá owó tiwọn náà lójoojúmọ́. Ẹ wá ojú-ewé kan fún wọn nínú ìwé. Nígbà tí a bá tún dé láti yẹ ìwé yín wò, a ó béèrè rẹ̀.